Wọ́n dé Charles ládé, wọn ò fi í jọba

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Kétu. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Àjàṣẹ́ dábàá pé "ìfijọba" ni kí a máa fi pe ohun tí Faransé ń pè ní couronnement, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n fi ń dé ọba ládé, ìbáà jẹ́ ti Alákétu, ìbáà jẹ́ ti Charles ọba Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù fún àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. "Fi" tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹnì kan ló ń fi ẹlòmíì jọba. Ẹni tí a bá fi jọba lónìí kì í ṣe ọba lánàá.

Ta wá ló fi Charles jọba? Kò sẹ́ni kankan. Elizabeth ìyá rẹ̀ wàjà ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ojú ẹsẹ̀ náà lòun ti di ọba. Ìgbìmọ̀ tó pé jọ ní ààfin St James's ní ọjọ́ 10 oṣù náà kéde rẹ̀ ni, wọn ò yàn án. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, òun ló pe Rishi Sunak tó ní kó wá ṣe olórí ìjọba. Adé kò sì kan orí rẹ̀ ní Westminster Abbey títí di ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Bí ẹ bá pe ọjọ́ yẹn ní ìfijọba, ẹ ń sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọba ló gbé iṣẹ́ fún Sunak.

Ti Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, tún yé èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó di ọba ní oṣù Kìíní ọdún 1936, ó kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọn ò sì dé e ládé rárá. Wọ́n ti mú ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1937 sílẹ̀ fún un. George Kẹfà, àbúrò rẹ̀, ló wá lo ọjọ́ náà. Síbẹ̀, òfin làwọn aṣòfin ní láti ṣe kí Edward tó lè kúrò. Bí kì í bá ṣe ọba, kí ni wọ́n ń ṣòfin lé lórí?

Ohun tí òfin dìídì béèrè fún níbi ayẹyẹ náà ni ìbúra, láti ọdún 1688: pé ọba á ṣàkóso bí òfin àti àṣà ilẹ̀ bá ṣe wí, pé á fi àánú ṣe ìdájọ́, pé á dáàbò bo ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì. Òróró tí wọ́n fi yàn án lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Nítorí náà, "ìdéládé" ni mo fara mọ́ fún ọjọ́ ayẹyẹ, kí a sì pe ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ "ìjogún adé". ("Ìjọba" fúnra rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ olóṣèlú tipẹ́. Bí mo bá ní ìjọba Charles ti bẹ̀rẹ̀, àwọn mínísítà lọmọ ilé ìwé á máa wá kiri.) "Ìwúyè" tí ará Ṣábẹ kan mú wá kò burú, àmọ́ a ń ṣe ìwúyè fún ìyálóde náà.

Níbí, ní Kétu, "ìfijọba" bá a mu wẹ́kú. Ilé ọba márùn-ún ló ń jẹ ẹ́ yípo: Alápìíní, Mágbo, Àró, Mẹ́ṣà àti Mẹ́fù. Ọmọ Alákétu tó wàjà kì í jókòó ti adé bàbá rẹ̀, ilé mìíràn ló kàn. Kí àwọn afọbajẹ tó fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó ṣe gbogbo ètùtù tán, ọmọ ọba láàárín àwọn ọmọ ọba ni ẹni náà. Ìtẹ́ wa sì lè ṣófo ní tòótọ́. Dàhòmì fọ́ ìlú yìí ní ọdún 1886, kò sì sí Alákétu kankan títí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin ọba Dàhòmì táwọn ará ìlú padà wálé. Kò sẹ́ni tó ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ẹnì kankan lọ́wọ́. Ti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ nìyẹn: wọ́n bẹ́ orí Charles Kìíní ní ọdún 1649, wọn ò ní ọba títí di ọdún 1660, àmọ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ padà dé, àwọn amòfin kọ ọ́ sínú ìwé pé ọdún kejìlá tó ti wà lórí oyè nìyẹn!

Ẹnì kan lè ní Alákétu kò kan òfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, pé ààrẹ ni òfin ọdún 1990 gbé agbára lé lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Àwọn afọbajẹ ń fi í jọba lójú ìlú. Kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ ọ́n lọ́ba, bí òfin ọdún 2025 lórí oyè ìbílẹ̀ ṣe ń ṣe, ọ̀tọ̀ nìyẹn, kí a má pa méjèèjì pọ̀.

Bẹ́líjíọ̀mù ló yà mí lẹ́nu, torí ó jọ ti wa ju ti London lọ. Adé kì í kan orí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àmọ́ abala 91 ìwé òfin wọn ní ọba kò gorí ìtẹ́ àfi tó bá ti búra níwájú àwọn aṣòfin. Baudouin ọba wọn kú ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1993, Albert Kejì tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ búra ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Láàárín ìgbà náà, ọwọ́ àwọn mínísítà ni agbára ọba wà. Ìfijọba pọ́ńbélé ni mo pe ìbúra yẹn, láìsí adé.

Ohun tó kù ni orúkọ fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sí ọba yẹn. "Adelé" ò ṣe é lò, ẹnì kan là ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àsìkò. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ, bí ọba yín bá wàjà tí wọn ò tíì fi òmíràn jẹ, kí lẹ ń pe àsìkò náà?