Báwo lẹ ṣe ń dá wà ní ìdájí?

Ẹ kú ilé o. Aago 4:30 ni mo máa ń jí, káwọn ọmọ tó jí. Mo fẹ́ràn àsìkò yẹn dọ́ba: kò sẹ́ni tó ń pè mí, aago ara ògiri nìkan ni mò ń gbọ́. Àmọ́ tọ́wọ́ mi bá ti kan fóònù báyìí, ọkàn mi ti dàrú nìyẹn. Kí lẹ̀yin ń ṣe sí i?

Ìdáhùn 1: Yàrá mìíràn ni kí fóònù sùn. Ẹ má tan iná ńlá. Èmi máa ń ṣí fèrèsé, màá kàn jókòó. Kí ojúmọ́ tó mọ́ rárá, ẹyẹ kan á dá orin, òmíràn á gbè é, títí igi á fi kún fún ariwo wọn. Mi ò lè fi wákàtí yẹn tọrẹ!

Ìdáhùn 2: Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ ń sùn? Ó kéré tán, àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7. Ẹni tó fẹ́ jí ní 4:30 ti gbọ́dọ̀ sùn ní 9:30.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Fóònù ń lọ sí pálọ̀ lálẹ́ òní. Ṣé oorun ọ̀sán lè dí tòru?

Ìdáhùn 2: Ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án dára, àmọ́ kò lè rọ́pò tòru.