Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè mọ ayédèrú MOSFET (ẹ̀yà kékeré tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú inverter) kí n tó jó o mọ́ bọ́ọ̀dù?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Inverter ni mo máa ń tún ṣe jù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Láàárín oṣù kan, mẹ́ta tí mo ti parí ló padà wá: MOSFET IRF3205 tí mo fi sí wọn ló jó. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá tó ń ta omi tútù, ọjà rẹ̀ sì bà jẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Mo fi òwú tí mo rẹ sínú acetone nu ojú àwọn MOSFET tó kù lọ́wọ́ mi. Dúdú wá sára òwú lára méjì, ojú ibi tí wọ́n ti ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò sì hàn lábẹ́ ọ̀dà. Àwọn yòókù mọ́ tónítóní, bẹ́ẹ̀ irú wọn náà ló jó!

Mo wá fún gate (ẹsẹ̀ tó ń tan MOSFET) ọ̀kan nínú wọn ní 10 volt, mo sì jẹ́ kí iná 5 amp gba inú rẹ̀ kọjá. Datasheet (ìwé àlàyé ilé iṣẹ́ tó ṣe é) ní ìdènà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.008 ohm lọ, nítorí náà kò yẹ kí mítà ka ju 0.04 volt láàárín drain àti source, ẹsẹ̀ méjì tí iná ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde. 0.11 volt ni mo rí.

Ṣé ìdánwò yìí nìkan tó, àbí kí n tún wò ó bóyá ó lè gba 55 volt tí datasheet sọ? Tí mo bá sì wà níwájú ọlọ́jà, tí kò sí ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, kí ni kí n kọ́kọ́ wò? Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè mí lórí tábìlì.