Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ìwé Fágúnwà tí mo rà, àṣìṣe ló kún inú ẹ̀

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí n ka Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà látìbẹ̀rẹ̀ dópin torí díẹ̀díẹ̀ la kà nílé ìwé. Lọ́jọ́ Sátidé mo bá jáde nínú òjò, kẹ̀kẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wọ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, ₦5,000 ló gbà, kò yọ kọ́bọ̀, ó tún ní tí mi ò bá rà á kí n gbé e sílẹ̀ fún ẹni tó mọyì ẹ̀. Mo délé mo ṣí i, àṣìṣe látòkè délẹ̀! "Enia", "aiye", "nwọn". Kódà lára èèpo ẹ̀, "Irunmalẹ" ni wọ́n kọ, ṣé kì í ṣe irúnmọlẹ̀ ni? Mo gbé e padà lọ, ó ní òun kì í gbọjà padà. Àbúrò ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ látàná. Ṣé kí n lọ fẹjọ́ ẹ̀ sùn nínú ọjà ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ àǹtí mi. Ẹ lọ ra tuntun. Nígbà tí mo wà ní praimárì fáífù, tíṣà wa máa ń kà á fún wa lọ́sàn-án Jímọ̀, tó bá ti kan Agbákò olójú 16, gbogbo wa á rún mọ́ra lórí bẹ́ǹṣì kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lè dá lọ pọnmi, ìyá mi nà mí títí.

Bọ̀dá Fẹ́mi: Tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Àbí kẹ́ ẹ kúkú ka ti òyìnbó tí Ṣóyínká túmọ̀ ní 1968, kò nira.

Ọmọ Òkè-Igbó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹni tó gbọ́ Yorùbá, kí ló fẹ́ fi ti òyìnbó ṣe? Ìlú wa ni wọ́n bí Fágúnwà sí, ní 1903. Bí bàbá yẹn ṣe máa ń to ọ̀rọ̀ léra títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu ẹni tó ń kà á, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sínú èdè míì tí kò ní jò?

Bọ̀dá Fẹ́mi: Ṣóyínká náà kì í ṣọmọdé nínú Yorùbá. Mo kà á, mo gbádùn ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Igbó: Mi ò bú Ṣóyínká o.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Mi ò fẹ́ ti òyìnbó. Tuntun náà kọ́ ni mò ń sọ, ṣé kí ẹni tó rẹ́ mi jẹ máa lọ bẹ́ẹ̀ ni? Mo ti ń fi bíró pupa tún un ṣe, mo ti dé péèjì 14, ọwọ́ ń ro mí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Yéè! Ọmọ mi, gbé bíró yẹn sílẹ̀! Ta ló tẹ ìwé yẹn, ọdún wo sì ni? O ò tíì sọ látàárọ̀.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Nelson ni mo rí sà. Ọdún ẹ̀, 195 ni mo lè kà, omi ti ba nọ́ńbà tó kù jẹ́.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Àkọtọ́ àtijọ́ nìyẹn. C.M.S. ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1938, Nelson wá gbà á tẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn kí wọ́n tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, èmi gan-an "aiye" ni mo kọ nínú ìdánwò mi. "Enia" ni ènìyàn, "nwọn" ni wọ́n, "on" ni òun. Irúnmalẹ̀, bí Fágúnwà fúnra ẹ̀ ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Ọkùnrin yẹn ò rẹ́ ẹ jẹ rárá. Ìwé tó ti lé ní 60 ọdún lo fi bíró pupa há lára!

Ìyá Ìbejì: Háà, àǹtí. Ẹ̀yin náà ò bá ti béèrè kẹ́ ẹ tó mú bíró.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ẹ má bú mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ẹ̀ fún yín. Bàbá mi ni mò ń kà á fún. Láti èṣí ni wọn ò ti ríran mọ́, ìwé yìí nìkan ni wọ́n ní kí n wá kà sáwọn létí. Àmì ò pọ̀ lórí ẹ̀, bí mo ṣe ń kà á lohùn ń ṣì mí, wọ́n ń dá mi dúró ní gbogbo ìlà, "ìyẹn kọ́, ìyẹn kọ́", títí wọ́n fi kọjú sí ògiri lálẹ́ àná, wọn ò dá mi lóhùn mọ́. Mo rò pé ìwé ló burú.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: 84 sà.

Tíṣà Fẹ̀yìntì: Àkọtọ́ yẹn ni wọ́n fi kọ́ wọn níwèé. Má tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ibi tó bá ti ṣòro, pe lẹ́tà ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan fún wọn, kí àwọn fúnra wọn sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn: Ẹ kú àárọ̀ o. Bàbá tíṣà, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. A dán an wò lálẹ́ àná. Mo dé "on", mo pe lẹ́tà méjèèjì, wọ́n ní "òun", wọ́n fìka gbá apá àga. Nígbà tó yá, kí n tó pe lẹ́tà wọ́n ti ń parí ìlà mọ́ mi lẹ́nu, láti orí! Aago mọ́kànlá ti lù ká tó débi Agbákò. Mo fẹ́ pàwé dé, wọ́n ní kí n padà síbi tó ti yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ohun tó ń pa bíró pupa rẹ́ lára ìwé tí ìwé ò fi ní ya?