Akáúńtáǹtì ni wọ́n ń wá, ìrírí mi ò pé: ṣé kí n kọ̀wé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn ń wá akáúńtáǹtì, wọn ò sì ní gba ìwé mọ́ tó bá ti di ọjọ́ Ẹtì.

Wọ́n ní B.Sc. tàbí HND, ìrírí ọdún 3, Excel, kéèyàn sì ti parí ìdánwò ICAN (ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì tó gbàwé ẹ̀rí ní Nàìjíríà). HND mi wà ńlẹ̀. Excel, mo lè dijú ṣe é. Ìrírí ló kù díẹ̀: oṣù 16 ni mo ti fi ń bá ìyá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ṣe ìwé owó. Èmi ni mò ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èmi ni mò ń tọpa gbèsè àwọn oníbàárà (ẹ ò mọ ojú tí mo ti rí!). Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣé mo lè ka ìyẹn mọ́ ọn?

ICAN gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ìpele mẹ́ta ló ní: mo ti kọjá Foundation, Skills ni mo wà báyìí, Professional ṣì kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ ọ́ pé mo ti parí. Irọ́ nìyẹn, mi ò ní pa á. Àmọ́ ṣé kí n sọ ibi tí mo dé nínú lẹ́tà ni, àbí kí n dákẹ́ títí wọn yóò fi bi mí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba èèyàn síṣẹ́ rí, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn.