Gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù Sienna tó jó: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ Toyota Sienna ni mo bá wá. Tèmi 2002 ni, V6 3.0 yẹn, òun la fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, òun náà la fi ń relé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí omi ti ń dín nínú rédíétọ̀, mi ò sì rí ibi tó ń jò sí, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ gbẹ táútáú. Lánàá Sunday la ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, gò-sílò há wa mọ́ Kara, ọwọ́ géèjì ooru ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo pa AC, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ó tún gùn ún lọ. Mẹkáníìkì wò ó láàárọ̀ yìí, ó ní gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ẹ́ńjìnì àti orí ẹ̀, ti jó, ká sọ tọ́ọ̀pù, orí ẹ́ńjìnì yẹn, kalẹ̀. Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí rí, báwo ni tiyín ṣe rí?

Ìyá Tòfúnmi: Háà, ẹ má rán mi létí. Ìgbéyàwó la ń lọ ní Benin, gbogbo wa ti wọ aṣọ ẹbí tán láti ilé torí dádì àwọn ọmọ ní tá a bá débẹ̀ kò ní sí ibi tá a ti máa pààrọ̀ aṣọ. A ò tíì dé Ọ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ pé òórùn kan ń bọ̀ o, ó dà bíi pé ó dùn dùn, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ọkọ̀ tó ń rìn jìnnà á máa rùn. Mo ní ọwọ́ géèjì ti kọjá àárín, wọ́n ní géèjì yẹn ti ń purọ́ látijọ́. Ìgbà tó máa yá, èéfín funfun bò wá lẹ́yìn débi pé ẹni tó ń tẹ̀ lé wa ń fọn fèrè kíkankíkan. A pákì. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà tó pariwo pé "Dádì, ẹ má ṣí i, á bó yín lójú o!" Ọmọ yẹn gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Wọ́n dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní sùúrù kó tutù tán, wọ́n da omi tútù inú kúlà sí ẹ́ńjìnì tó ń hó. A gbọ́ "pá!" Nígbà tí wọ́n wá fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó sì ṣí ìdérí ọ́ìlì, ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ ti funfun, ó ki bí ògì. Tọ́ọ̀pù ẹ̀yìn ti sán.

Àdùkẹ́ Òṣodì: Ìyá Tòfúnmi, gbogbo ìyẹn mo gbọ́. Ṣé ẹ dé ìgbéyàwó ọ̀hún?

Ìyá Tòfúnmi: A dé ibi tí wọ́n ti ń to àga jọ. Ìrẹsì ìsàlẹ̀ kúlà la jẹ, tòun ti gèlè lórí.

Àdùkẹ́ Òṣodì: 😂😂 Dádì ńkọ́?

Ìyá Tòfúnmi: Wọ́n ṣì ń sọ pé géèjì ló fa á.

Kò-sí-wàhálà: Sienna 2000 tèmi kò gbóná rí. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Ẹ máa ṣe sáfíìsì.

Ọ̀gá Gate: Kò-sí-wàhálà, ẹ lọ fọwọ́ kan igi.
Bàbá Ìbejì, mẹkáníìkì ni mí n'Íbàdàn, mo ti tú Sienna tó pọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í déédéé jó. Nǹkan ló ń jó o. Tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnì yẹn alumíníọ̀mù ni, tó bá ti gbóná kọjá ààlà á wọ́, kò ní tẹ́jú mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín ẹ̀ ò wá ní lè dí i, iná inú sílíńdà á máa rí ọ̀nà gbà wọ ibi tí omi wà. Ìdí nìyẹn tí omi ń fi ń dín tí ẹ ò rí i nílẹ̀, inú sílíńdà ló ń bọ́ sí, ẹ ń gba sálẹ́ńsà sun ún jáde. Ẹ ṣe báyìí lówùúrọ̀ ọ̀la kí ẹ tó gbé e lọ ibì kankan: ẹ́ńjìnì tutù, ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ kún un, kí ẹnì kan tá á. Tó bá ń hó yọ́ọ́yọ́ọ́ láìtíì gbóná, tí kò dáwọ́ dúró, òun náà nìyẹn. Ẹ dé e padà kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ hóòsì òkè. Tó bá le gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnì ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́.

Ṣadé Houston: Ọ̀gá Gate ti sọ ọ́ dáadáa. Níbí, omi aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n máa ń fi sínú ìgò kan, wọ́n á gbé e lé ẹnu rédíétọ̀, wọ́n á fi fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Tí búlúù yẹn bá di yẹ́lò, a jẹ́ pé gáàsì inú sílíńdà ti ń wọ inú omi. Kì í pẹ́ rárá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní in kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú nǹkan kan.

Rọ́ra Ṣe: Gbogbo àlàyé yìí, ẹ yọ tàmósítáàtì tó ń dá omi dúró kó má tíì lọ sí rédíétọ̀ dànù! Òyìnbó ṣe é torí òtútù ìlú wọn. Nàìjíríà gbóná.

Ọ̀gá Gate: Ó tún ti dé. Alàgbà, ooru ìlú wa kì í dé 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kódà lókè Ọya, tàmósítáàtì Sienna kò ní ṣí títí omi fi máa tó 82. Báwo ni oòrùn Nàìjíríà ṣe máa rọ́pò ẹ̀? Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì á pẹ́ kó tó gbóná débi tó yẹ, kọ̀ǹpútà á rò pé ó ṣì tutù, á máa da epo sí i.

Rọ́ra Ṣe: Bàbá mi fi Peugeot 504 rin gbogbo orílẹ̀-èdè yìí láìsí tàmósítáàtì.

Ṣadé Houston: 504 ní kọ̀ǹpútà ni?

Rọ́ra Ṣe: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ fi wá sílẹ̀ ká lo ọkọ̀ wa bó ṣe wù wá.

Àdùkẹ́ Òṣodì: Ẹyin ńkọ́? Wọ́n ní tí wọ́n bá fọ́ ẹyin tútù sínú rédíétọ̀ ó ń dí ibi tó ń jò.

Ọmọ Ládípọ̀: Ẹ bù alùbọ́sà àti ata sí i, kó di oúnjẹ àárọ̀.

Ọ̀gá Gate: 😂 Ẹyin á dí rédíétọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹyin yín.

Ọmọ Ládípọ̀: Ní tòótọ́, Bàbá Ìbejì, ẹ má fi owó ṣòfò. Ẹ wá sí ọjà Ládípọ̀, ẹ ra ẹ́ńjìnì Belgium, tòkunbọ̀ yẹn, kí wọ́n sọ ọ́ sí i, ó parí.

Ìyá Tòfúnmi: Ó parí kẹ̀? Ohun tí àwa náà ṣe nìyẹn, Belgium ọ̀hún ń jò ọ́ìlì láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí i. Ẹ gbàgbé pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnì máa yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ọlọ́pàá Ògèrè ló kọ́ wa.

Ọmọ Ládípọ̀: Ìyẹn dọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ló ń ta ìrànù.

Kò-sí-wàhálà: Ẹ má bínú o, ìbéèrè kan. Bàbá Ìbejì ní àwọn ọmọ ni wọ́n ń fi gbé. Ìjẹ̀bú sí Èkó lọ́jọ́ Sunday ìrọ̀lẹ́, Sienna? Àwọn tó kún inú ẹ̀, ṣé gbogbo wọn ló ń jẹ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé?

Bàbá Ìbejì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù Ọlọ́run! Mi ò kó èrò. Ìyá mi ló wà níwájú, gàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kún ẹ̀yìn.

Kò-sí-wàhálà: Gàrí náà máa ń san owó ọkọ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú àárọ̀. Mo ti ṣe ohun tí Ọ̀gá Gate ní ká ṣe. Ó hó yọ́ọ́yọ́ọ́, hóòsì le. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: ẹni tó bá mi tá a náà sọ pé ká tan AC ká wo fáànù. Ọ̀kan nínú fáànù méjèèjì kò mira! Ẹni tó ní ká tú tọ́ọ̀pù kò tiẹ̀ bojú wo ibẹ̀.

Ọ̀gá Gate: Inú mi dùn sí ẹni yẹn. Ẹ ò rí i pé gò-sílò ló mú un, tí ọkọ̀ bá ń sáré atẹ́gùn á máa fẹ́ sí rédíétọ̀, tó bá dúró fáànù ló kù. Tẹ́ ẹ bá ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi fáànù sílẹ̀, ẹ máa padà wá. Ẹ wo fíúùsì, réléè, àti mọ́tò ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tọ́ọ̀pù méjèèjì, torí V6 ní tiwájú, ó ní tẹ̀yìn. Ti ẹ̀yìn yẹn dojú kọ ẹsẹ̀ dírẹ́bà, ó há, òun ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò, wọ́n á ṣe tiwájú, wọ́n á gba owó méjì. Kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá a kó tẹ́jú, kí wọ́n ra bóòtì (bolt) tuntun, kí wọ́n fi torque wrench, sípánà tó ń wọn bó ṣe le tó, fún un, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe kí ọmọ iṣẹ́ kan fi páìpù fà á títí tí ara ẹ̀ á fi sọ pé ó tó.

Ṣadé Houston: Àti kúláàntì, omi olóògùn tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Rọ́ra Ṣe: Kúláàntì tún ti dé. Bàbá mi...

Àdùkẹ́ Òṣodì: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí bàbá yín sinmi.

Bàbá Ìbejì: Ọ̀gá Gate, ṣé ẹ lè wá s'Ékòó?

Ọ̀gá Gate: Ẹ fà á wá. Ẹ má wà á o, ẹ fà á.

Kò-sí-wàhálà: Ẹ dákun, ẹni tó bá fẹ́ Sienna 2000, tèmi wà fún títà. Ẹ́ńjìnì tó bá a dé ló ṣì wà nínú ẹ̀, AC tutù nini. Èéfín díẹ̀ láàárọ̀ ni.

Ìyá Tòfúnmi: Èéfín aláwọ̀ wo?