Àgbájọ kọ́, àgbàpamọ́ ni: èsì sí ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin wa.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ dábàá pé kí a máa pe ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀ nípa wa, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní données, ní "àgbájọ ìjọba", kí a sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé pélébé tí a fẹ́ pín ní abúlé. Ìdí tí wọ́n fún wa ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe náà dára. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò dára, ó sì dùn mí bí àwọn kan ṣe sáré kọ "àṣẹ" sábẹ́ rẹ̀ láìwo àmì tó wà lórí gbá.

Gbá àti gbà kì í ṣe ọmọ ìyá. Ilẹ̀ là ń gbá, ẹni tó sì ń gbá nǹkan jọ kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ fún mi pé a máa ń gbá ọmọ mọ́ra. "Mọ́ra" ló mú ìfẹ́ wọ ibẹ̀. "Jọ" ló tẹ̀ lé gbá tiyín. Nígbà RAVIP, ètò ìforúkọsílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ìyá mi tò sórí ìlà, wọ́n fi ìka tẹ ẹ̀rọ, wọ́n jẹ́ kí wọ́n ya ojú wọn, wọ́n dárúkọ òbí wọn. Ta ló gbá nǹkan kan níbẹ̀? Wọ́n fún ìjọba ni, ìjọba sì gbà. Àwọn Faransé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: fífún ló wà nídìí données.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí gbà ti bí fún wa: àgbàfọ̀, àgbàtọ́, àgbàsìn, àgbàro. Nínú gbogbo wọn, ti ẹlòmíràn ni nǹkan náà. Alágbàfọ̀ tó bá wọ aṣọ oníbàárà lọ sóde ti dójú ti ara rẹ̀, bí aṣọ náà tilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a pè é ní "àgbàpamọ́", kí a sì pe ẹni tó gbà á ní "alágbàpamọ́". Òfin wa kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti orí òfin 2009-09 tó ń dáàbò bo données ará ìlú, dé Code du numérique (ìwé òfin nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti ayélujára) ti 2018: iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á ni kí wọ́n fi í ṣe, ẹni tó ni ín lè bèèrè láti rí i, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe, bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ ẹ́, ó lè gbé ẹjọ́ lọ bá APDP, àjọ tó ń mójú tó ìdáàbòbò données.

Ẹnìkan láti Pobè ní gbà náà le, pé ọlọ́pàá lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Òótọ́ ni. Ó tún ní bí kò bá sí NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fúnni, lọ́wọ́ rẹ, ìwé wo lo fẹ́ gbà ní ọ́fíìsì ìjọba, ta ló wá fi tọkàntọkàn fún wọn? Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá fún wa láàyè láti kọ̀, ó di dandan kí orúkọ tí a ó fún nǹkan náà so ẹni tó gbà á mọ́lẹ̀. "Pamọ́" ń so ó. "Jọ" kò so ó.

Wọ́n ní ohùn kan ṣoṣo ni mò ń jà lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn náà wúwo létí àwọn tí a fẹ́ kọ̀wé sí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àwọn àgbà wa kò sì sọ ọ́ lásán. Nígbà àwọn Faransé, kíkà ló ṣáájú owó orí, òun ló sì ṣáájú kíkó ọmọkùnrin lọ sógun. Ó wà lára ohun tí àwọn Ọ̀họ̀rí, àwọn Yorùbá agbègbè Pobè, fi bá wọn jà láàárín 1914 sí 1916. Nítorí owó orí ni Àjàṣẹ́ níbí fi dàrú ní 1923. Ọ̀pọ̀ ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ló sá kọjá sí Nàìjíríà. Ìyá ìyá mi ní Kétu kò sọ iye ọmọ tí wọ́n bí fún akọ̀wé kankan títí wọ́n fi lọ. Irú ilé bẹ́ẹ̀ la fẹ́ gbé ìwé wa wọ̀, kí a sọ fún wọn pé ìjọba ti gbá wọn jọ?

Ẹni tó ní "dátà" ti tó, kó rántí pé lẹ́nu àwọn ará Nàìjíríà, mégà íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń rà sórí fóònù ni dátà. Ẹni tó sì kọ̀wé pé Nàgó lásán (bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá ní ilẹ̀ wa) ni àwa ará Kétu ń sọ, pé kí a jókòó kí Ọ̀yọ́ dá ọ̀rọ̀ fún wa, màá dá a lóhùn lọ́tọ̀, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí àgbàsìn àti àgbàfọ̀ kí ìwé náà tó lọ sílé ìtẹ̀wé.