Ológbò mi ń jẹ ìbẹ́pẹ, ṣé kò séwu?

Àdùkẹ́ Onílé Aláwọ̀ Ewé
Ẹ kú ilé o. Mo ní ológbò kan, Dúdú lorúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ funfun báláú ni (ọmọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bi mí). Láti bí oṣù méjì báyìí, bí mo bá ti mú ọ̀bẹ láti gé ìbẹ́pẹ, á ti dé ẹsẹ̀ mi, á máa ké bí ẹni tébi ń pa. Lánàá mo já díẹ̀ fún un. Ó lá a, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún gbójú sókè wò mí. Ìyá ọkọ mi ní ológbò tó bá ń jẹ èso, kì í ṣe ológbò lásán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò, ṣé tiyín náà ń jẹ èso? Kí ló sì ṣe é lẹ́yìn náà?

Bàbá Kékeré
Tèmi ń jẹ ẹ̀wà. Kí wá ni ti ìbẹ́pẹ?

Ìyá Músù
Àdùkẹ́, fọkàn balẹ̀. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n dáadáa, tó o bó èèpo rẹ̀, tó o sì gbọn kóró rẹ̀ dànù, bó bá jẹ́ ìwọ̀nba bí orí àtàǹpàkò, kò ní í pa á lára. Láti 1998 ni mo ti ń sin ológbò n'Íbàdàn, mo sì ti rí i tí wọ́n jẹ ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n kò wúlò fún un náà o. Ẹran ni ológbò ń jẹ. Fítámì C tí àwa ń torí ẹ̀ mu ọsàn, ara ológbò ń ṣe tiẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àpọ̀jù ló burú. Àlàbá tèmi rí mángòrò tí wọ́n ti bó sílẹ̀ lórí tábìlì, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó di òru, ìgbẹ́ gbuuru dé. Kò rí ibòmíràn yà á sí, orí agbádá tí ọkọ mi fẹ́ wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì ni. Mo fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, òórùn rẹ̀ ò lọ.

Ọmọ Olóbì
Agbádá kẹ̀! Aṣọ òkè ni àbí léèsì?

Ìyá Músù
Ṣé ìyẹn ló kàn báyìí? Gínì ni.

Ọmọ Olóbì
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Gínì le fọ̀.

Túndé Peckham
Ní tèmi o, kì í ṣe ìbẹ́pẹ, èso àjàrà gbígbẹ ni, èyí tó wà nínú kéèkì Kérésì. Mo yísẹ̀ báyìí, ológbò ti gé e jẹ. Mo pe dókítà ẹranko lóru. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni iye tó jẹ àti bó ṣe wúwo tó. Ta ló máa ń wọn ológbò! Wọ́n ní kí n máa gbé e bọ̀ kíá, wọ́n mú kó bì í, wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àjàrà tútù àti gbígbẹ ti ba kíndìnrín ajá tó pọ̀ jẹ́. Ti ológbò ò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ò ní í fi tèmi dán an wò. Kò sóhun tó ṣe é. Èmi ni nǹkan ṣe nígbà tí mo rí ìwé owó. Owó yẹn á ra ewúrẹ́ méjì ní Ṣakí, á tún ku ṣéńjì.

Ọ̀gá Oníyẹ̀yẹ́
Ológbò tó ń jẹ kéèkì Kérésì. Èmi gan-an ò rí jẹ lọ́dún tó kọjá.

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́ja
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ èso, ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ gidi sílẹ̀. Ìyá ọkọ Àdùkẹ́ ti sọ ọ́. Ológbò tó ń wo ojú èèyàn bí ẹni fẹ́ fèsì, ẹ máa ṣọ́ra yín.

Ìyá Músù
Àṣàkẹ́, ìwọ tó ò ń ta ẹja, ológbò tó ń wojú ẹ, ẹja ló ń wò.

Káyọ̀dé Tíṣà
Nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ahọ́n ológbò kì í mọ adùn ṣúgà rárá. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Monell ní Philadelphia ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005 pé jíìnì tó yẹ kó máa gbọ́ adùn lẹ́nu ológbò ti bàjẹ́ láti ayébáyé. Nítorí náà, Dúdú ò jẹ ìbẹ́pẹ nítorí pé ó dùn. Ó lè jẹ́ omi inú rẹ̀, ó lè jẹ́ òórùn, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ jẹ ohun tí Àdùkẹ́ ń jẹ.

Bàbá Kékeré
Irọ́. Tèmi ń lá áìsìkirímù títí kan ìdí ife.

Káyọ̀dé Tíṣà
Ọ̀rá inú wàrà ló ń wá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bu ṣúgà lásán síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Bàbá Kékeré
Mo bu ú. Ó jókòó lé e.

Fọlákẹ́
Wọ́tàmẹ́lọ̀nì ńkọ́? Tèmi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹja lọ.

Ọmọ Olóbì
Ẹ pè é ní bàrà, a lórúkọ fún un.

Fọlákẹ́
Bàrà tí ẹ̀gúsí ń ti inú ẹ̀ wá kọ́ ni mò ń sọ. Ìyẹn korò. Èyí tó pupa nínú ni.

Ọmọ Olóbì
Ẹbí kan náà ni wọ́n.

Fọlákẹ́
Ẹbí kan náà ni èmi àti àbúrò bàbá mi, ṣùgbọ́n orúkọ wa ò pa pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ ológbò.

Ìyá Músù
Kò burú. Yọ kóró rẹ̀, má fún un ní èèpo. Dókítà tèmi ní ká pín oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sọ́nà mẹ́wàá, gbogbo ìpanu tó bá jẹ, èso ni o, bísíkíìtì ni o, kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan.

Mosún
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí mo rí i pé kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu kan ọsàn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, l'Ábẹ́òkúta, eégbọn bo ológbò wa. Màmá mi ní kò sí wàhálà, ohun táwọn fi ń wẹ ewúrẹ́ láyé àtijọ́ náà ló máa ṣiṣẹ́. Wọ́n gé ọsàn wẹ́wẹ́ tó kún igbá, wọ́n sè é tèèpotèèpo, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo dì í mú. Kò tó wákàtí kan, itọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀ ṣùrùṣùrù. Ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ò gbà á. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì tutù bí ẹni tó ti inú odò jáde.

A fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan gbogbo ẹ̀ kúrò, a wé e sínú aṣọ, a gbé ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó ní òróró inú èèpo ọsàn ni. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ́ ọ bí tiwa ṣe ń fọ́ ọ, ohun tó bá sì wà lára rẹ̀, á lá a mì. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀ kó tó jẹun. Màmá mi, tó máa ń ní òun ò fẹ́ ẹranko nílé, òun ló ń gbé ẹja lọ fún un láàárọ̀ lálẹ́. Ó yè é. Wọn ò tún ra ọsàn wẹ́wẹ́ wọlé mọ́, àfìgbà tí mo ṣàlàyé pé a ṣì lè fi se nǹkan.

Àdùkẹ́ Onílé Aláwọ̀ Ewé
Háà! Ọlọ́run ṣeun.

Ọmọ Olóbì
Mosún, o jẹ́ kí n pa fóònù tì fún ìṣẹ́jú kan. Ní kékeré mi, nǹkan yìí gan-an la ṣe. Ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí eégbọn. Itọ́, gbígbọ̀n, gbogbo ẹ̀. Tiwa kú mọ́jú. A sọ pé ìyá kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló wò ó lójú. Ọ̀pọ̀ ọdún la ò fi kí ìyá yẹn. Ó ti kú báyìí.

Ìyá Músù
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Túndé Peckham
Àṣàkẹ́, ṣé ẹ kà á?

Àṣàkẹ́ Ẹlẹ́ja
Mo kà á. Ẹ má pariwo lé mi lórí.

Fọlákẹ́
Èèpo ọsàn tí mo ń tò sórí àga kó má baà gun ún ńkọ́?

Mosún
Òórùn rẹ̀ ló ń lé e, kì í sábà fẹnu kàn án. Ṣáà má fi òróró ọsàn inú ìgò pa àga.

Káyọ̀dé Tíṣà
Kí n fi kún un: ohun tó wà nínú ìkòkò wa ló yẹ ká bẹ̀rù ju ìbẹ́pẹ lọ. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, bó jinná, bí kò jinná, bó gbẹ.

Bàbá Kékeré
Dúró ná. Ẹ̀wà tí tèmi ń jẹ, àlùbọ́sà wà nínú ẹ̀ o.

Káyọ̀dé Tíṣà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jáwọ́ lónìí yìí.

Ìyá Músù
Látìgbà wo?

Bàbá Kékeré
Ó tó ọdún kan. Lọ́jọ́ Àìkú nìkan.

Ìyá Músù
Ẹ wo èrìgì rẹ̀. Bó bá ti ń funfun, tí ara rẹ̀ ò sì yá gágá, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Àdùkẹ́ Onílé Aláwọ̀ Ewé
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti pinnu pé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá gbọ́ o. Nírọ̀lẹ́ yìí mo wọ ilé ìdáná, mo bá ìyá ọkọ mi lórí àpótí, ìbẹ́pẹ lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì, Dúdú níwájú wọn. Wọ́n ń sọ fún un pé, "Jẹ ẹ́ kíá kí ìyá ẹ tó dé."

Ọ̀gá Oníyẹ̀yẹ́
Kì í ṣe ológbò lásán lóòótọ́.

Bàbá Kékeré
Èrìgì rẹ̀ pupa, ẹ bá mi yọ̀. Síbẹ̀ mo máa gbé e lọ lọ́la. A se ẹ̀wà láìsí àlùbọ́sà lálẹ́ yìí, ìyàwó mi ní kí èmi àti ológbò máa jẹ ẹ́.